Kóńgò Tí Ìdí Rẹ̀ Wọnú

Ọgọ́ta ìwé ìbéèrè ni ọmọkùnrin tí mo háyà láti bá mi bi àwọn ìyá ọjà léèrè fún ìwádìí mi kó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo wọn ló sì mọ́ tónítóní. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tí mo tò wọ́n ti àwọn tí èmi fúnra mi gbà lọ́jà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Nínú tèmi, epo pupa ti ta sí òmíràn, ẹ̀lùbọ́ ti há sí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ òmíràn po, ọ̀kan sì wà tí ìyá alákàrà ti fi fẹ́ná kó tó rántí pé ọmọ kan ló fún òun. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ ká níbì kankan. Ìwé wo ló máa wọ ọjà n'Ìbàdàn, tó máa gba ọwọ́ ọgọ́ta obìnrin kọjá, tó sì máa jáde bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onífótókópì bọ̀?

Mo wá wo ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀. Nínú tèmi: 40, 45, 50, 50, 60, 50, 40. Nínú tirẹ̀: 37, 43, 51, 46, 38. Ìyá ọjà mélòó ló ní ìwé ìbí? Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní àwọn ti ń lọ sí àádọ́ta, tàbí kí wọ́n ní ọdún tí ọba báyìí gorí ìtẹ́ ni wọ́n bí àwọn. Ọjọ́ orí tòótọ́ máa ń wọ́ jọ sídìí òdo àti àrún. Tirẹ̀ fọ́n ká ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pè é sórí fóònù. Ó ní, "Áńtí, ẹ má bínú, òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ yẹn." Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì ló jókòó sí tó fi dá gbogbo rẹ̀ kọ, ó tilẹ̀ lo bírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n má baà mọ̀.

Mi ò lè bínú sí i pẹ́. Èmi náà ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ másítà, ọ̀nà tèmi ló kàn yàtọ̀.

Sàíkọ́lọ́jì ni mo ń kọ́. Mo ti gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, mo sì ti kọ prójẹ́ẹ̀tì kan rí, nítorí náà nígbà tí wọ́n ní kọ́ọ̀sì lórí ìlànà ìwádìí di dandan, ọkàn mi sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Chapter Three ni àwa ń pè é, orí kẹta prójẹ́ẹ̀tì, níbi tí èèyàn ti ń sọ bí òun ṣe ṣe ìwádìí. Ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Chapter Three? Ẹ wá prójẹ́ẹ̀tì ẹni tó ṣáájú yín, ẹ yí orúkọ ìlú padà, ẹ fi fọ́múlà Yamane, tó ń sọ iye èèyàn tó yẹ kí ẹ bi léèrè, sí i, ó bùṣe. Ohun tí mo gbé lọ bá súpáfáísọ̀ mi nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá gbèsè, pàápàá owó sógúndogójì àti ẹ̀yáwó tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní í ṣe pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwọn ìyá ọjà. Baba náà ka ojú ìwé kìíní, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé obìnrin 2,000 ló ń tajà níbẹ̀, wọ́n dúró.

"Níbo lo ti rí 2,000?"

"Ìyálọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n ní àwọn á tó ẹgbẹ̀rún méjì."

"Ṣé wọ́n kà wọ́n ni?"

Mi ò ní èsì. Fọ́múlà tí Taro Yamane fi sínú ìwé rẹ̀ ní 1967, tí gbogbo wa ń lò bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò le rárá. Ẹ mú iye èèyàn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.0025, ẹ fi oókan kún un, kí ẹ wá fi èyí tó bá jáde pín iye èèyàn náà. Ẹgbẹ̀rún méjì á fún yín ní 333, mo sì ti kọ 333 sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá mi ní kí n fi mílíọ̀nù méjì dán an wò. Ó di 400. Wọ́n ní kí n kó gbogbo Nàìjíríà sí i. 400 náà ni. "O wá rí i," wọ́n ní, "iye tí Ìyálọ́jà sọ kọ́ ni wàhálà rẹ." Wàhálà mi ni pé fọ́múlà yẹn gbà pé orúkọ gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi nínú ìwé kan, tí mo fi lè ṣà wọ́n láìwojú, kí olúkúlùkù ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọjà wo ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹni tí mo bá bá níjókòó ni mo ń bi, mo sì ń pe ìyẹn ní 333.

Àwọn tí mi ò bá níjókòó wá ńkọ́? Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ló là mí lójú. Ẹ̀lùbọ́ Ṣakí ni wọ́n ń tà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo sì máa ń dúró sí bí oòrùn bá mú. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ, nítorí ọjọ́ yẹn ni mi ò ní kíláàsì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè mí. "Ìwọ ọmọ oníbèéèrè yìí, Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ lo máa ń wá. O ò mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ làwọn agbowó ń dé ni?" Ẹni tó bá jẹ gbèsè tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ò pé, kì í ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bó bá tiẹ̀ ṣí i, ní kété tó bá rí ẹni tó gbé fáìlì tó fi káàdì kọ́rùn, á ní òun ń lọ kí aláìsàn. Èmi rèé, mo gbé fáìlì, mo fi káàdì kọ́rùn. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti bi àwọn tí kò jẹ gbèsè léèrè nípa gbèsè, àwọn tí mò ń wá sì ń gba ẹ̀yìn ọjà sá fún mi.

Mo yí ọjọ́ padà. Mo ki káàdì bọ báàgì, ẹni tó bá bèèrè ni mo ń yọ ọ́ fún. Ìyẹn náà ò tíì tán. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń ṣèwádìí lára wọn ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda olójú ìwé méjì, èyí tí obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò buwọ́ lù tàbí tẹ̀ka sí. Aláta kan wo ìsàlẹ̀ ìwé náà níbi tí mo fàlà sí, ó sì dá a padà fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi mí, ẹ bi mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ka síwèé mọ́ láyé mi. Ìka tí mo tẹ̀ lọ́jọ́sí ni mo ṣì ń san." Mo padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n sì gbà pé kí n ka ọ̀rọ̀ náà sókè kí wọ́n fẹnu yọ̀ǹda níṣojú ẹlẹ́rìí kan. Oṣù kan gbáko ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n kí n tó kọ fọ́ọ̀mù: gbèsè ni mò ń ṣèwádìí lé lórí, ìwé títẹ̀ka sí sì ni gbèsè fi ń wọlé.

Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló wá kó mi láyà jẹ jù. PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò, ni mo yàn. Láti 2001 ló ti wà, ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ohun tó ti ń ṣe èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òdo sí ẹẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. Ẹni tó bá ní 10 sókè ni wọ́n máa ń ní kí a tún yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ wa ti gbé àbájáde rẹ̀ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà jáde ní 2006, mo sì kọ ọ́ síwèé pé nítorí náà ó dára fún ìlò. Ọ̀gá mi fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "nítorí náà". Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́.

Mo jókòó, mo yí i sí Yorùbá. Ilé Yorùbá ni wọ́n bí mi sí, kí ló lè le níbẹ̀? Richard Brislin ti sọ láti 1970 pé bí ẹnì kan bá túmọ̀ ìwé tán, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ tún un túmọ̀ padà, kí a wá fi méjèèjì wéra. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Èdè. Ìbéèrè kejì ló kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti kọ ọ́ pé, "Ǹjẹ́ o ń nímọ̀lára pé o wà nísàlẹ̀?" Kí ọ̀rẹ́ mi tó dá tirẹ̀ padà ni mo ti kà á fún obìnrin kan lọ́jà, tí ó ní, "Ìsàlẹ̀ ibo? Ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ní kí n ti máa tata ni?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ tún wo "o" yẹn. Mo kó "o" lọ bá àwọn ìyá tó bí ìyá mi! Lórí bébà, mi ò rí i. Ìgbà tí mo la ẹnu láti kà á ni ahọ́n mi kọ̀. Mo yí gbogbo rẹ̀ sí "ẹ", mo rò pé ó tán. Mo wá bi ìyá kan pé, "Ṣé ẹ ń rí oorun sùn dáadáa?" Wọ́n ní, "Gbogbo wa là ń sùn, ọmọ mi, Ọlọ́run ṣeun." Wọ́n ti dáhùn fún ọkọ, fún ọmọ, fún ọmọ ọmọ. Nígbà tí mo tún un bi pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Mámá?" wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èmi? Èmi kì í sùn." Ìbéèrè kan náà. Òdo ni mo ti fẹ́ kọ sílẹ̀ fún un, ẹẹ́ta ló sì yẹ kó jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ láti máa jókòó ti obìnrin kan, kí n ka ìbéèrè kan, kí n sì sọ pé, "Ẹ fi ọ̀rọ̀ tara yín sọ ohun tí mo bi yín." Méjìlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún kí n tó tún ìwé náà tẹ̀. Àwọn ló fún mi ní "ọkàn mi pòrúúru", "ara mi wúwo bí ẹni ru òkúta", "ayé sú mi". Àwọn náà ló gba "ọ̀sẹ̀ méjì" lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì tèmi, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń ná ọjà ọrọọrún, ìtàdógún ni wọ́n fi ń dá àjọ, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín àjọ kan sí èkejì ni wọ́n sì ń rántí kedere. Nígbà tí mo bi wọ́n pé "láti ìtàdógún sẹ́yìn", ìdáhùn ń yọ bí ẹni fà á jáde nínú àpò. Ìtàdógún, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni nínú kíkà àwọn baba wa, tí wọ́n ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí pọ̀; bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má díbọ́n pé mẹ́rìnlá ni.

Wọ́n sọ fún wa ní kíláàsì nípa Ìdíkàn, àdúgbò kan níbí n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn oníṣègùn bíi Osuntokun àti Ogunniyi pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn arúgbó ní 1992 láti mọ ẹni tí iyè ń ra. Ọjọ́ orí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, àwọn arúgbó ò sì mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ta ló wà lórí oyè, ogun wo lo bá láyé. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2001 pé ìyèríra ń mú àwọn Yorùbá Ìbàdàn kò tó ìdajì bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá ti ṣi ọjọ́ orí yẹn kọ ní ìbẹ̀rẹ̀, asán ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́.

Mo tún hun ìwé ìbéèrè tara mi lórí gbèsè, gbólóhùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, "mo gbà gan-an" títí dé "mi ò gbà rárá", irú èyí tí Rensis Likert dá sílẹ̀ ní 1932. Mo dán an wò lára ọgọ́ta obìnrin. Alpha Cronbach rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn gbólóhùn náà ṣe ń bá ara wọn mu tó, jáde ní 0.93. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: 0.70 làwọn èèyàn ń gbàdúrà fún. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi ò wo 0.93. Wọ́n ní kí n ṣí dátà gan-an. Ìlà lórí ìlà: 4 4 4 4 4 4 4. Òmíràn: 5 5 5 5 5. Wọ́n ti gbà fún mi. Ọmọdé kan dúró níwájú wọn nínú oòrùn, ó ń kúnlẹ̀, ó ń pè wọ́n ní Mámá. Kí ni wọn ò ní gbà? Ọ̀gá mi ní kí n yí gbólóhùn márùn-ún po, kí ẹni tó bá gba ọ̀kan má lè gba èkejì rẹ̀. Mo padà lọ. Alpha já wálẹ̀ sí 0.58.

Ó dùn mí, mi ò sì rí ìdí rẹ̀ dáadáa títí mo fi dé ìdí ẹ̀lùbọ́ lọ́jọ́ kejì. Oníbàárà kan ló ń jà pé kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n fún òun níbòmíràn kò pé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gba kóńgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹnì kan ti fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Wọ́n fi tiwọn tì í. "Bó o bá fi eléyìí wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá," wọ́n ní, "iye kan náà ló máa wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńgò kan kọ́ ló ń wọ̀n." Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rọ omi lé lórí. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ wa lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òṣùwọ̀n tí kì í yí padà àti òṣùwọ̀n tó ń wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n, ìdí kóńgò ni mo ti rí i. 0.93 mi, ọ̀wọ̀ àti àánú ló wọ̀n.

Ìbéèrè kẹsàn-án PHQ-9, ikú ni. Ó ń bèèrè bóyá èèyàn ti rò ó pé ó sàn kí òun kú tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á ju ọwọ́ yí orí ká, wọ́n á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!", èmi á sì kọ òdo kíákíá. Ọjọ́ kan ni mo ka ìbéèrè yẹn fún aláta tí kò fẹ́ tẹ̀ka. Kò ju ọwọ́. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ata jọ, ó ní, "Ó ti ń wá sí mi lọ́kàn. Ní ìtàdógún yìí gan-an."

Nínú fọ́ọ̀mù tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, mo ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tí èsì rẹ̀ bá léwu, a ó darí rẹ̀ síbi ìtọ́jú. Mo daakọ gbólóhùn yẹn láti inú prójẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Mi ò ní nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ọjọ́ tí kílíníìkì ń ṣí, mi ò mọ iye tí káàdì jẹ́. Mo pa fáìlì dé. Mo jókòó tì í títí àwọn èèyàn fi ń palẹ̀ ọjà mọ́, mo pe ọ̀gá mi, ọ̀gá mi pe nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n mọ̀ nílé ìwòsàn. Èmi àti aláta àti àbúrò rẹ̀ la jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ara rẹ̀ ti yá díẹ̀ báyìí. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan, títí mo fi ní orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ àti owó ọkọ̀ nílẹ̀. Gbogbo òdo tí mo ti kọ kíákíá ṣáájú, mo tún padà lọ bá àwọn tó ni wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹlòmíràn ò ti lè gbọ́.

SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, àti tábìlì, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, kò yẹ kí n pẹ́ níbẹ̀. Ohun kan péré. Ìbátan tí mò ń wá láàárín iye gbèsè àti ìrẹ̀wẹ̀sì jáde ní p = 0.07, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ 0.05 ni wọ́n ní kó wà kí wọ́n tó gbà pé ó jọ ohun tó ju èèṣì lọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n yọ obìnrin mẹ́ta kúrò, á bọ́ sábẹ́ 0.05, ta ló máa mọ̀? Mo ti nawọ́ sí i. Ọmọkùnrin oníbírò mẹ́ta yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan tún ìwádìí sàíkọ́lọ́jì ọgọ́rùn-ún ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló bọ́ sábẹ́ 0.05, nínú àtúnṣe, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló bọ́ sí i. Mo rò pé mo mọ bí díẹ̀ nínú wọn ṣe dé ibẹ̀. Mo fi 0.07 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Onídàánwò tó ti ìta wá bi mí nípa rẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bi mí nípa ìtàdógún.

Nígbà tí mo parí, mo padà sọ́jà láti lọ dúpẹ́, mo sì mú búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Mo ti rù, mo mọ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wò mí tòkè-tilẹ̀, wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò.

"Láti ìtàdógún sẹ́yìn," wọ́n ní, "ọjọ́ mélòó ni ìwọ fúnra rẹ ò fi rí oorun sùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "A dúpẹ́, Mámá."

Wọ́n fa àpótí kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n ní kí n jókòó.